Ìbéèrè Tí A Kò Bi Bàbá

Ẹnu mi mú. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ní Yábàá nígbà náà. Kọ̀ndọ́kítọ̀ tó bá já mi sílẹ̀ kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, á gbọ́ ìtàn ìdílé rẹ̀ lẹ́nu mi kí bọ́ọ̀sì tó ṣí. Olùkọ́ ọkùnrin tó bá sọ nínú yàrá àwọn tísà pé kí ni obìnrin fẹ́ fi Látìn ṣe, á ti kábàámọ̀ kí agogo ìsinmi tó lù. Mo ń sọ èyí kó lè yà yín lẹ́nu, nítorí ó ṣì ń ya èmi náà lẹ́nu títí dòní, pé èmi yìí kan náà fi odidi táàmù kan wo àgbàlagbà kan lójú, tí mi ò lè bi í ní ìbéèrè kékeré kan ṣoṣo.

Látìn ni mo kà ní yunifásítì. Télọ̀ ni bàbá mi, ará Ọ̀yọ́ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Múṣín. Bí àwọn oníbàárà rẹ̀ bá gbọ́ pé Látìn lọmọ rẹ̀ ń kọ́, wọ́n á ní, "Látìn? Àìsàn wo nìyẹn ń wò?" Bàbá mi kì í gbójú sókè. Á ní, "Ẹ dìde kí n wọn ìbàdí yín, kí ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀." Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó ń fi mí yangàn. Ọjọ́ tí mo ríṣẹ́ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Yábàá, ó ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, ohun tí kì í ṣe àfi bí èèyàn bá kú.

Ogun ti parí nígbà náà, owó epo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, gbogbo ìlú ló sì ń pariwo ẹ̀ńjìníà. Ẹ̀ńjìníà níbí, dókítà lọ́hùn-ún. Ta ló fẹ́ gbọ́ ti Látìn? Kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́ta péré ló ṣì ń kọ́ ọ ní apá ọ̀dọ̀ wa. Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ní Yábàá. Tísà kan tí mò ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ onítẹ̀bọmi, tí kò tíì gbéyàwó, ní mẹ́ta ní Múṣín. Ní Àgùdà, ọmọ méjì péré ló kù lọ́wọ́ Bàbá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ Bàbá fún yín dáadáa. Kò bí mi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè é ní nǹkan mìíràn. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, ó ti ń kọ́ni ní Látìn kí wọ́n tó bí mi, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ìrìn rẹ̀ sì yá. Ọdún yẹn ló máa fi iṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ kọ̀wé pé àwọn fẹ́ pa Látìn rẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló wọ bọ́ọ̀sì lọ bá wọn ní Èkó, tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ọ̀gá wọn láti àárọ̀ títí wọ́n fi dá a lóhùn. Wọ́n fún un ní àǹfààní kan. Kí a kó ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán pọ̀, kí a jọ kọ́ wọn. Tí táàmù kejì bá dé ìdajì, ìnsípẹ́kítọ̀ máa wá gbọ́ wọn. Bí ó bá dùn mọ́ ọn nínú, Látìn dúró. Bí kò bá dùn mọ́ ọn, Látìn parí nìyẹn, wọ́n á sì mú èmi lọ máa kọ́ àwọn ọmọ fọ́ọ̀mù wáànù ní ìmọ́tótó, bí a ṣe ń gé èékánná.

Ó ká mi lára, mi ò ní purọ́. Mi ò mọ nǹkan mìíràn ṣe. Kí ni mo fẹ́ sọ fún bàbá mi? Pé èdè tó torí rẹ̀ ń fi mí yangàn, tó ti kú tẹ́lẹ̀, wọ́n ti sin ín lẹ́ẹ̀kejì?

Bàbá ló ní kí a kọ́ wọn ní ìwé àwọn tó kọ́kọ́ kọ Látìn sílẹ̀, kì í ṣe ti àwọn gbajúgbajà tó wá lẹ́yìn. Mo ní, "Sà, èyí tó le jù nìyẹn." Ó ní, "Mísì, gbọ́ ná. Nígbà tí àwọn ará Róòmù wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀, wọn ò ní ìwé kankan tó jẹ́ tiwọn. Ti àwọn Gíríìkì ni wọ́n ń kà nílé ìwé. Wọ́n wá mú eré Gíríìkì, wọ́n sọ ọ́ dí tiwọn, wọ́n fi àwàdà ọjà ìlú wọn sí i, wọ́n fi ìjà ilé wọn sí i. Ta ló máa yé ju ọmọ Múṣín lọ?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mo sì ti ń fi kọ́ni láti ọjọ́ náà.

Bí a ṣe ń ṣe é rèé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán á wá sọ́dọ̀ mi ní Yábàá, mo ń kọ́ wọn ní eré. Ní Ọjọ́bọ̀, Múṣín ni, Ẹ̀gbọ́n ń kọ́ wọn ní ewì ogun àtijọ́. Ewì yẹn kò pé mọ́, ìlà kan níbí, ìlà méjì lọ́hùn-ún, èyí tí àwọn ẹlòmíràn bá fi sínú ìwé tiwọn nìkan ló kù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Ẹ̀gbọ́n gbé àfọ́kù àwo kan wá sí kíláàsì, ó ní, "Ẹ sọ bí odidi rẹ̀ ṣe tóbi tó fún mi." Àwọn ọmọ fi ọwọ́ tẹ̀ lé etí àfọ́kù náà, wọ́n ya òbìrí rẹ̀ sára pátákó. Ó ní, "Ó parí. Iṣẹ́ wa nìyẹn." Ọlọ́run ló dá ọkùnrin yẹn fún iṣẹ́ tísà. Ní Sátidé, gbogbo wa á pàdé ní Àgùdà, Bàbá á sọ ìtàn ìgbà náà, òun náà ló sì ń pín iṣẹ́ fún wa, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni lẹ́tà ọ́fíìsì wà, èyí tó dárúkọ àwọn ìwé tí ìnsípẹ́kítọ̀ máa fi dán àwọn ọmọ wò.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé eré tí mo máa kọ́ lé mi lọ́wọ́. Ẹ̀dà tirẹ̀ ni, eré ẹrú kan tó gbọ́n ju ọ̀gá rẹ̀ lọ, etí ìwé náà kún fún àkọsílẹ̀ pẹ́ńsù láti ìgbà tó ti wà lọ́dọ̀ọ́. Mo gbà á pẹ̀lú ìkúnlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo wọ ọ́fíìsì pírínsípà wa, mo rí ẹ̀dà lẹ́tà náà lórí tábìlì. Eré mìíràn ló wà níbẹ̀. Òǹkọ̀wé kan náà ni o, ṣùgbọ́n eré mìíràn pátápátá, ti bàbá kan tó ti ìrìn àjò dé bá ọmọ tó ti di apà, tí ẹrú ilé sì ń bo ọmọ náà láṣìírí. Mo tún un kà. Mo wá sọ fún ara mi pé ó dájú pé lẹ́tà tuntun ti dé bá Bàbá. Ṣé èmi tí wọ́n bí lánàá ni mo fẹ́ bi í pé ṣé ó ka lẹ́tà rẹ̀ dáadáa? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo pa ẹnu mi dé, mo ń kọ́ wọn ní eré ẹrú lọ, àwọn ọmọ sì mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó.

Ó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún kí ìnsípẹ́kítọ̀ dé nígbà tí òjò dá èmi àti Ẹ̀gbọ́n dúró ní ẹ̀yìn kíláàsì rẹ̀ ní Múṣín. Ó ń wo òjò. Ó ní, "Àbúrò, eré wo gan-an lò ń kọ́ àwọn ọmọ yìí?"

Mo ní, "Èyí tí Bàbá fún mi ni."

"Hẹn-ẹn." Ó tún wo òjò. "Nínú lẹ́tà tó wá sọ́dọ̀ wa níbí, mo rí eré mìíràn."

"Ẹ̀gbọ́n! Láti ìgbà wo?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kìn-ín-ní."

"Ẹ wá dákẹ́?"

"Mo rò pé ìwọ ti bi Bàbá ni. Ṣebí ìwọ lẹnu rẹ mú."

Mo fẹ́ bú u, àmọ́ kí ni mo fẹ́ fi bú u tí kò ní bá èmi náà? Mo jókòó sórí àga tó fọ́ kan níbẹ̀, mo bú sẹ́kún. Odidi táàmù! Ọmọ mẹ́sàn-án! Ẹ̀gbọ́n kò lè fọwọ́ kàn mí, ó kàn ń na áńkáṣíìfù rẹ̀ sí mi láti òkèèrè.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, a lọ bá Bàbá nílé rẹ̀ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Ẹ̀gbọ́n dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, a kò sì dìde. Ìyàwó Bàbá gbé omi àti bisikíìtì wá. Ẹ̀gbọ́n ló yẹ kó sọ̀rọ̀, òun ló dàgbà. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òjò. Ó bọ́ sórí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tó ti wà nílẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́, pé àwa méjèèjì ti jọ ń wò ó, pé ẹnu wa ni kò gbà á, pé tí a bá ṣe ohun tí kò yẹ, kí Bàbá fọwọ́ wọ́nú. Mo ń sọ nínú mi pé bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Àfi bí Bàbá ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ké sí ìyàwó rẹ̀:

"Màmá, ẹ máa bọ̀! Ǹjẹ́ mi ò sọ fún yín? Mo ti rí i lójú wọn tipẹ́!"

Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti gbọ́wọ́ lé wa lórí, ó ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Ó ní ilé wa á tura. Ó ní ọmọ wa á pọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣe àmín, ó ń nu ojú. Mo wo Ẹ̀gbọ́n, kí n lè rí i pé òun máa dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin náà ṣe àmín!

Ibẹ̀ ni inú ti bí mi dé góńgó. Mo dìde dúró gbọnrangandan láàárín àdúrà. "Bàbá, ìgbéyàwó kọ́! Ìwé tí à ń kọ́ àwọn ọmọ yẹn kọ́ ló wà nínú lẹ́tà!"

Màmá gbé bisikíìtì rẹ̀, ó wọlé lọ. Bàbá wọ yàrá, ó mú lẹ́tà náà jáde, ó gbé gíláàsì sójú, ó sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ìka rẹ̀ ń tẹ̀ lé ìlà. Mo rí ibi tí ìka náà ti dúró. Ó ní, "Mo rí orúkọ òǹkọ̀wé, mo bá ká lẹ́tà náà pọ̀. Eré rẹ̀ kan náà ni wọ́n ń fún wa láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò kà á tán." Ó jókòó. "Ìgbà wo lẹ ti mọ̀?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kìn-ín-ní, sà," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ sì ń wò mí."

Ó bọ́ gíláàsì náà. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ti bọ̀wọ̀ fún mi, ó kù díẹ̀ kẹ́ ẹ fi sin mí." Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò bú wa. Ṣe ni ó mú pẹ́ńsù, ó ní kí a jókòó, kí a ka iye ọjọ́ tó kù.

Ní ọjọ́ Ajé, ó kó gbogbo àwọn ọmọ jọ, ó sọ fún wọn pé òun ṣàṣìṣe. Ọmọbìnrin kan tó kéré jù nínú wọn, ọmọ Àgùdà, tí ohùn rẹ̀ kì í jáde, na ọwọ́. "Mo ti rí lẹ́tà náà lórí tábìlì yín, sà. Mo sọ fún màmá mi. Wọ́n ní ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ tísà mi níṣẹ́?" Bàbá di orí mú. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ṣòfin: ní ìpàdé wa àti nínú kíláàsì, ẹni tó kéré jù ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n tí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ tán, ibo ni ọmọdé fẹ́ fi ọgbọ́n tirẹ̀ sí?

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn, a ṣiṣẹ́ bí ẹni ń kó ẹrù kúrò nínú ilé tó ń jó. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ni mo rí yá ní ilé ìkàwé yunifásítì. A dà á kọ pẹ̀lú ọwọ́ àti bébà kábọ́nù. Ojoojúmọ́ là ń pàdé lẹ́yìn ilé ìwé. Mo kọ́ni dáadáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kò sí ẹni tó máa bá mi sọ ọ́. Àwọn ọmọ ń ṣe bàbá, wọ́n ń ṣe ọmọ apà, wọ́n ń fi Látìn bá ara wọn jà débi tí àwọn kíláàsì tó wà nítòsí fi ń wá yọjú. Síbẹ̀, nígbà tí ọjọ́ pé, ó ku apá tó kẹ́yìn tí a kò tíì dé.

Yàrá mi ní Yábàá ni ìnsípẹ́kítọ̀ wá. Bàbá ti dé ṣáájú, ó wọ kóòtù dúdú. Mo rí ohun kan lára aṣọ rẹ̀ tí mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Ìnsípẹ́kítọ̀ wọlé, ọkùnrin gíga nínú súùtù aláwọ̀ eérú. Ó rí Bàbá. Àfi gbàlàjà, ó ti dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ńtì pẹ̀lú súùtù rẹ̀. "Tísà mi!" Bàbá ló kọ́ ọ ní Látìn nígbà tó wà lọ́mọdé. Mo wo Ẹ̀gbọ́n, Ẹ̀gbọ́n wò mí. Orí wa ti bá wa ṣe é, ohun tí mo rò nìyẹn.

Ó bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè. Wọ́n dáhùn, wọ́n kà, wọ́n ṣeré. Ara mi ti balẹ̀. Ó wá ṣí apá tó kẹ́yìn, ó ní kí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ń ṣí bébà síwá sẹ́yìn. Ó wo àwọn ọmọ, ó wo Bàbá, ó rọra pa ìwé dé. "Ó ti tó, sà. Mo ti gbọ́ wọn. Kò sí wàhálà."

Olúwa, ó dùn mọ́ mi! Ṣùgbọ́n Bàbá dìde. "Rárá. Má bọ̀wọ̀ fún mi lónìí, mo bẹ̀ ọ́." Ó sọ ohun gbogbo fún un, lẹ́tà tí kò kà tán, ìwé tí kì í ṣe ìwé ọ̀hún, gbogbo rẹ̀, níwájú àwọn ọmọ. "Bí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, kọ ọ́ pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bi wọ́n." Mo fẹ́ fa etí kóòtù rẹ̀. Mo ti rí ara mi níwájú fọ́ọ̀mù wáànù àti èékánná wọn.

Ọmọ tó kéré jù yẹn na ọwọ́. "A ò tíì dé ibẹ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí a kà á báyìí."

Wọ́n fi orí jọ lórí bébà tí ọwọ́ wa kọ. Ọmọ Múṣín sọ ọ̀rọ̀ kan, ọmọ Yábàá so òmíràn mọ́ ọn, ọmọ Àgùdà ní rárá, ẹ padà sẹ́yìn. Ó lọ́ra. Ìnsípẹ́kítọ̀ gan-an kò lè jókòó mọ́, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín wọn, ó ń nawọ́ sí ìlà. Ó ní, "Níbí, ẹrú ni inú ń bí, òun ló ń lérí."

Ẹnikẹ́ni kò fọhùn. Àwọn ọmọ mẹ́jọ wo ilẹ̀. Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, odidi táàmù ni mo fi gbé inú rẹ̀. Èmi náà ti rí i pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà wo Bàbá. Bàbá fi orí dá a lóhùn pé kó sọ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹyẹ lọ, "ẹrú kọ́ ni. Bàbá náà ló ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ó ń lérí, ẹkún ló ń sun."

Ìnsípẹ́kítọ̀ gba bébà náà. Ó kà á, ó padà sókè, ó tún un kà. Ó pẹ́. Ó wá gbé orí sókè. "Òótọ́ ni," ó ní. "Bàbá náà ni." Ó yípadà sí Bàbá. "Sà, bí ẹ bá gbà mí láyè láti bá yín jiyàn nígbà tí mo wà ní kíláàsì yín, ǹ bá má ṣàṣìṣe yìí." Ó rẹ́rìn-ín, Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ó mú pẹ́ńnì, ó kọ ọ́ níwájú wa: kí Látìn dúró ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

A sin Bàbá lọ sí ibùdókọ̀, èmi àti Ẹ̀gbọ́n. Inú mi dùn, mo ń ṣe bí ọba. Mo ti ń gbèrò bí mo ṣe máa wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi nírọ̀lẹ́ yẹn, kí n sọ ọ́ lójú gbogbo oníbàárà. Mo wá rántí ohun tí mo gbé mì láàárọ̀.

"Bàbá, sà. Ẹ ṣi bọ́tìnnì yín dè."

Ó wo àyà rẹ̀. Apá kan kóòtù náà gùn wá sísàlẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì wọ́. "Láti ìgbà wo?"

"Láti àárọ̀, sà."

"Kí ìnsípẹ́kítọ̀ tó dé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó wo Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ti ń wo ọ̀nà bí ẹni ń wá bọ́ọ̀sì. "Ìwọ náà rí i?"

"Mo rò pé Mísì ti sọ fún yín ni, sà."

Bàbá dúró létí títì, ó ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ kó lè rí ọwọ́ méjèèjì fi tú bọ́tìnnì náà.